Ta ló lè sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ti yí padà? Ọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ìhùwàsí àti ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ní Kùmásì

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Kùmásì rí yóò rántí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá ìlú náà kò sí nínú igbó. Àárín ìgboro ló wà. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ọlọ́jà ń polówó, awakọ̀ ń fun fèrè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń gbọ́ ariwo náà tí wọn kò lè rí i. "Efiase" ni àwọn Àṣáńtì ń pe ẹ̀wọ̀n ní èdè wọn. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọgbà náà ti wà, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí èrò inú rẹ̀ ti ju iye tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ.

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan níbẹ̀. Kò ní orúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà ní ẹni ọdún 22, ó yọ àdá sí obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Kejetia, ó sì gba owó ọjà rẹ̀. Òfin Gánà sọ pé ẹni tó bá fi ohun ìjà jalè kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 15. Ọdún 15 yẹn náà ni adájọ́ kà fún un. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 1972, tí wọ́n ń pè ní NRCD 46, sọ pé ẹlẹ́wọ̀n tó bá hùwà dáadáa tó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún rẹ̀ gbà padà. Tí kò bá jà, tí kò bá sá, tí kò bá fojú di wọ́dà, ọdún 10 ló máa lò.

Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, wọn yóò ka orí rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ tó bá ṣàìsàn. Ó ṣeé ṣe kó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ káfíńtà. Àmọ́ kò sí ẹni tí òfin pa láṣẹ fún pé kó jókòó tì í, kó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló mú ọ ṣe é, kí ló sì ti yí padà nínú rẹ láti ọjọ́ náà?

Obìnrin aláṣọ náà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ibi tó ti ń wọn aṣọ fún oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ kan ni yóò ti gbójú sókè, tí yóò sì rí i tó ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé Yorùbá. Àwọn tí òbí tàbí òbí àgbà wọn ṣòwò ní Kùmásì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ṣakí àti Ìgbòho, títí dìgbà tí ìjọba Kofi Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Àwọn kan padà, àwọn kan kò lọ rárá. Yorùbá ṣì wà ní Zongo Kùmásì títí dòní, àti ẹni tí wọ́n jà lólè àti ẹni tó jalè.

Kàlẹ́ńdà ló ń ṣí ilẹ̀kùn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, South Africa àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ìgbìmọ̀ kan wà tó máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kí wọ́n tó jẹ́ kó lo ìyókù ọdún rẹ̀ níta, lábẹ́ ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá rú àdéhùn, ó di inú ẹ̀wọ̀n padà. Èyí ni àwọn olóyìnbó ń pè ní parole. Níbẹ̀, ìwé tí onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá bá kọ wà lára ohun tó wúwo jù lórí tábìlì.

Ní Gánà, yàtọ̀ sí kí ènìyàn borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdínkù ọdún tí a ti sọ yẹn. Èkejì ni àánú ààrẹ. Abala 72 nínú ìwé òfin ọdún 1992 fún ààrẹ lágbára láti dáríjì, tàbí láti dín ìyà kù, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Àgbà Orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, ẹ máa ń gbọ́ irú àwọn tó máa ń jàǹfààní rẹ̀: àwọn tó ń ṣẹ̀wọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn arúgbó, àwọn tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀. Ó bójú mu. Ó sì ń dín èrò kù nínú ọgbà tó ti kún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí, àìsàn àti iye ìgbà tí ènìyàn ti ṣẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Wọn kò wo inú.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, John Mahama, tó wà ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà náà, lo agbára yìí fún àwọn mẹ́ta tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Gánà rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí àwọn adájọ́ lórí rédíò. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n lò. Ẹni tó jí ewúrẹ́ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ká má parọ́ mọ́ kàlẹ́ńdà o. Kàlẹ́ńdà kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà, kò sì kórìíra ẹ̀yà kankan. Ẹlẹ́wọ̀n mọ ọjọ́ tó máa jáde, ó sì lè fi gbogbo ọkàn rẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gba kàlẹ́ńdà kúrò lọ́wọ́ wọ́dà kó sì fi onímọ̀ ìhùwàsí rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó lágbára.

Ìdí náà ni pé ìwà rere inú ẹ̀wọ̀n àti ìwà rere ìta kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkùnrin tó máa ń lu ìyàwó rẹ̀ tó bá mutí yó kò ní ìyàwó nínú ẹ̀wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ọtí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ni wọ́dà máa yìn jù. Ọmọkùnrin tó ń bá gbogbo ènìyàn jiyàn, tí wọ́n ń fìyà jẹ lójoojúmọ́, lè má tún fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíràn mọ́ láé. Yorùbá ní orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í sì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́dà kò lè dá a mọ̀ nínú ìwé ìwà.

Àwọn kan tún wà tí kàlẹ́ńdà kò tilẹ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2023, ilé aṣòfin Gánà dìbò láti yọ ìdájọ́ ikú kúrò nínú òfin ìwà ọ̀daràn, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n pa láti ọdún 1993, àmọ́ ènìyàn 176 ló wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú nígbà tí wọ́n dìbò náà. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ohun tí kò hàn nínú ìròyìn ayọ̀ náà ni pé ẹ̀wọ̀n gbére kò ní ìdá mẹ́ta. Ẹni tó ti pé 25 ọdún nínú ẹ̀wọ̀n, tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé kíkà, kò ní ẹnu ọ̀nà kankan tó lè lọ kàn àfi ti ààrẹ.

Kí ni onímọ̀ ìhùwàsí ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà wèrè ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ọpọlọ ń wá àìsàn, ó sì lè kọ oògùn. Èyí tí à ń sọ yìí ń wá bí ènìyàn ṣe ń ronú, ohun tó máa ń mú un bínú, ohun tó máa ń ṣe tó bá bínú, àti bóyá ó ṣeé ṣe kó tún dẹ́ṣẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ sẹ́wọ̀n kò ní wèrè kankan.

Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọkàn. Ní ọdún 1928, Ernest Burgess, onímọ̀ nípa àwùjọ ní yunifásítì Chicago, kó fáìlì àwọn ọkùnrin 3,000 tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois jọ. Ó yan nǹkan 21 láti wò nípa oníkálukú wọn, bíi irú ẹ̀ṣẹ̀, irú iṣẹ́ àti ẹ̀wọ̀n àtẹ̀yìnwá, ó sì wo ẹni tó padà sínú ìwà ọ̀daràn àti ẹni tí kò padà. Bí àwọn adójútòfò ṣe ń ṣírò ìgbà tí ọkọ̀ lè ní jàǹbá ni òun ṣe ń ṣírò ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ìwọ̀n oríṣiríṣi ti ń jáde. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ti Robert Hare ní Kánádà: ìbéèrè 20, máàkì òdo, kan tàbí méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba 30 sókè ni wọ́n ń ka ọkàn rẹ̀ sí òkúta.

Onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàkì. Fáìlì ló ń kọ́kọ́ kà: kí ni ẹlẹ́rìí sọ, kí ni adájọ́ sọ, ṣé ó ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n náà fún wákàtí mélòó kan, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ní bi í pé "ṣé o kábàámọ̀?" torí kò sí ẹlẹ́wọ̀n tí kò mọ ìdáhùn sí ìyẹn. Yóò ní kó ròyìn ọjọ́ náà láti àárọ̀. Níbo lo ti jí? Ta ló kọ́kọ́ dá àbá náà? Kí lo mu? Nígbà tí obìnrin yẹn pariwo, kí lo rò? Kí lo rò pé ó ń ṣe báyìí? Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn bá wá kí ọ ní ọjọ́ kejì tí o bá jáde, kí lo máa sọ fún wọn?

Àwọn nǹkan kan wà tí kò lè yí padà mọ́, bíi ọjọ́ orí tí wọ́n kọ́kọ́ mú un àti iye ìgbà tó ti ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn lè yí: ọtí, igbó, tramadol, ẹgbẹ́ tó ń kó, iṣẹ́ ọwọ́, ilé tó máa padà sí. Ibi tó lè yí yẹn ni àyẹ̀wò ti wúlò jù, torí ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti lè rí àdéhùn tó nítumọ̀ kọ. "Má mutí, máa wá fi ara hàn ní ọjọ́ Ajé, má dé àdúgbò obìnrin yẹn."

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń ṣìnà. Ká sọ pé ẹlẹ́wọ̀n 100 fẹ́ jáde, pé mẹ́wàá péré nínú wọn ló máa tún ṣe ènìyàn léṣe. Ká sọ pé àyẹ̀wò wa dára gan-an, ó ń gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Yóò mú mẹ́jọ nínú àwọn eléwu mẹ́wàá náà. Ṣùgbọ́n nínú 90 tí kò léwu, yóò ṣi 18 mú. Gbogbo àwọn tí ìwé pè ní eléwu jẹ́ 26, àwọn 18 nínú wọn ni kò sì ní ṣe nǹkan kan. Àyẹ̀wò tó dára gan-an nìyẹn o. Ẹni tó bá gbé ìwé jáde tó ní "ìwé ti sọ pé eléwu ni" kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, àti ẹni tó kọ̀ láti parọ́

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ìgbìmọ̀ ìtúsílẹ̀ láti ìgbà tí òfin ọdún 1967 ti dá a sílẹ̀. Owó wà, onímọ̀ wà, fáìlì wà. Síbẹ̀, ẹ wo ọkùnrin méjì.

Àkọ́kọ́ ni John Worboys, awakọ̀ takisí ní London tó máa ń fún àwọn obìnrin ní ọtí tí oògùn wà nínú rẹ̀ kó tó bá wọn lò pọ̀ tipátipá. Ní ọdún 2009, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní gbèdéke, ọdún mẹ́jọ ó kéré tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìròyìn jáde pé ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kó máa lọ ilé, ìwé àwọn onímọ̀ ìhùwàsí sì wà lára ohun tí wọ́n gbé e lé. Àwọn obìnrin tó ṣe léṣe gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìpinnu náà, wọ́n ní ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wo àwọn ẹ̀sùn yòókù tí àwọn obìnrin mìíràn fi kàn án, kí wọ́n má gba àlàyé ẹnu rẹ̀ nìkan. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ náà, Nick Hardwick, fi ipò sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù kejìlá ọdún 2019, Worboys ti gba ẹ̀wọ̀n gbére méjì mìíràn nítorí obìnrin mẹ́rin sí i.

Ẹnì kejì ni Andrew Malkinson. Ní ọdún 2004, wọ́n dá a lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méje ni adájọ́ ní kó kọ́kọ́ lò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, ẹni tó bá ń sọ pé òun kò jẹ̀bi ni ẹni tí kò tíì gba ẹ̀bi rẹ̀, ẹni tí kò tíì gba ẹ̀bi rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Malkinson kọ̀ láti sọ pé òun ló ṣe é. Ọdún 17 ló lò. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò DNA ti nawọ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ẹni tó ń sọ òtítọ́ jókòó sínú ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́wàá lé ní orí ohun tó yẹ. Onímọ̀ ìhùwàsí kì í ṣe babaláwo. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un àti ohun tó wà nínú fáìlì ló ń lò. Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sí Kùmásì, níbi tí ọ̀pọ̀ afurasí kò ti ní owó lọ́yà, tí ìwé ẹjọ́ lè jẹ́ ojú ewé díẹ̀ péré. Láti ọdún 2007 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Justice for All ti ń gbé adájọ́ lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Gánà láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ti pẹ́ ní àtìmọ́lé láìjẹ́ pé wọ́n dá wọn lẹ́bi. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe irú ètò yẹn mọ̀ pé aláìṣẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri.

Ìwọ̀n tí wọn kò gé fún wa

Jeffrey Ewert jẹ́ ọmọ Métis, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Kánádà. Ó ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ nínú ẹ̀wọ̀n. Ó pe àjọ ẹ̀wọ̀n lẹ́jọ́, ó ní àwọn ìwọ̀n ìhùwàsí márùn-ún tí wọ́n ń lò fún òun, títí kan ti Hare, ẹlòmíràn ni wọ́n fi dán wò, kì í ṣe irú òun. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà dá a láre lórí kókó kan: òfin sọ pé àjọ náà gbọ́dọ̀ rí i pé ohun tí wọ́n ń lò péye, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé iyèméjì wà, wọn kò wádìí.

Tí ìwọ̀n Kánádà bá lè ṣi ọmọ Kánádà wọ̀n, kí ni ká sọ nípa ọmọ Kùmásì?

Ìdáhùn kan wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1960, Margaret Field, dókítà ọpọlọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé láàárín àwọn ará ìgbèríko Àṣáńtì, gbé ìwé kan jáde, Search for Security. Ó rí àwọn obìnrin tó ń rìn lọ sí ojúbọ, tí wọ́n ń fẹnu ara wọn sọ pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ló pa ọmọ àwọn jẹ. Field rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ìjẹ́wọ́ wọn gan-an ni àmì àìsàn náà. Ẹni tó bá mú fọ́ọ̀mù London lọ bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ "gba ẹ̀bi rẹ̀" sí, máàkì tó dára ló máa fún un.

Òdìkejì rẹ̀ ni gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́nu afurasí: iṣẹ́ èṣù ni. Lójú ẹni tó wá láti òkèèrè, ẹni náà ń sá fún ẹ̀bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìtìjú ló ń sọ̀rọ̀, pé ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ láti sọ "n kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀" nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Twi, tàbí Hausa, tàbí Yorùbá, ló lè bi í ní ìbéèrè kejì tó máa fi ìyàtọ̀ hàn.

Thomas Adeoye Lambo mọ èyí ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, ní Aró, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ẹ̀rù ba àwọn kan nígbà náà, torí ọgbà ni ayé ìgbà yẹn ń kó irú wọn sí. Ní Lántòrò, níbi tí ìtọ́jú ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí Lambo ṣe kò jìnnà sí ìtúsílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn: ó tú wọn sílẹ̀, ó ń ṣọ́ wọn, ó sì wo ẹni tó dúró tì wọ́n.

Ẹ̀ṣẹ̀ kì í yí padà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ńkọ́?

Ní South Africa, Janusz Walus yìnbọn pa Chris Hani ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1993. Léraléra ni wọ́n kọ̀ láti tú u sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Adájọ́ àgbà Raymond Zondo ṣàlàyé pé bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe burú tó àti ohun tí adájọ́ sọ lọ́jọ́ ìdájọ́ kò ní yí padà láé. Tí mínísítà bá ń torí wọn kọ̀ lónìí, yóò torí wọn kọ̀ títí ayé, ètò ìtúsílẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ mọ́. Limpho Hani, opó olóògbé, fi ìbínú sọ̀rọ̀ níwájú ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè dá a lóhùn. Ohun tí àyẹ̀wò lè sọ kò ju pé ẹni yìí ṣì léwu tàbí kò léwu mọ́. Bóyá ìyà náà tó, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, onímọ̀ ìhùwàsí tó bá sì ń dáhùn rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nàìjíríà ti ní òfin tí Gánà kò tíì ní. Abala 468 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015, ACJA, sọ pé ọ̀gá àgbà àjọ ẹ̀wọ̀n lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ nípa ẹlẹ́wọ̀n tó ń hùwà rere, tó sì ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún rẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sókè tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Ilé ẹjọ́ á gbọ́ tẹnu agbẹjọ́rò ìjọba àti ti ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n á sì lè tú u sílẹ̀. Mélòó ni ìdá mẹ́ta gbére? Òfin náà kò sọ. "Ìwà rere" ni wọ́n kọ, ìwà rere inú ẹ̀wọ̀n tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ àjọ ẹ̀wọ̀n di àjọ tó ń tún ìwà ṣe. Òfin yìí fi ìtúsílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn sí ara ìjìyà ìta ọgbà, ó sì fi lé àjọ náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò ewu àti àìní ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan. Òfin méjèèjì wà nínú ilé kan náà, àmọ́ wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀: èyí tó ní kí ilé ẹjọ́ tú ènìyàn sílẹ̀ kò béèrè àyẹ̀wò, èyí tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kò sọ pé ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rí i.

Ta ni yóò ṣe é ní Kùmásì?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá mẹ́ta ni ìjọba Gánà ní: èyí tó wà ní Accra láti ọdún 1906, Ankaful nítòsí Cape Coast láti 1965, àti Pantang láti 1975. Apá etíkun ni gbogbo wọn wà. Kùmásì, olú ìlú Àṣáńtì, ẹ̀ka tó wà ní ilé ìwòsàn Komfo Anokye ló gbójú lé. Òfin kò ṣaláìsí: òfin ìlera ọpọlọ wà láti ọdún 2012, èyí tó dá ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn onímọ̀ ìhùwàsí níwèé àṣẹ sílẹ̀ sì jáde ní ọdún 2013. Àwọn olùwádìí tó wọ ọgbà Nsawam, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2015, rí i pé ju ìlàjì àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ ni ọkàn wọn wà nínú ìdààmú. Ènìyàn tó bá wà nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè nípa ọjọ́ iwájú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀.

Tí Gánà bá kàn kọ ọ́ sínú òfin lọ́la pé kò sí ẹni tó máa jáde láìsí ìwé onímọ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn gbangba. Ènìyàn tó lè ṣe é kò pọ̀, ọgbà sì kún. Àwọn tó yẹ kó ti lọ ilé yóò jókòó, wọn á máa dúró de ìbúwọ́lùwé ẹnì kan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí kàlẹ́ńdà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ní ọdún tí a lè kà, kí wọ́n sì fi àyẹ̀wò síbi tí kàlẹ́ńdà kò lágbára: fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére. Iṣẹ́ tí onímọ̀ díẹ̀ lè ṣe nìyẹn, kí wọ́n sì ṣe é dáadáa, pẹ̀lú èdè tí ẹlẹ́wọ̀n gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kó sì takò ó.

Ìdajì àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ àwọn tó wà níta. Ibi yòówù kí wọ́n ti ń ṣe é láyé, wọn yóò béèrè pé níbo lo máa sùn, ta ló máa fún ọ níṣẹ́, ta ló máa sọ fún wa tó o bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mutí? Àwọn Àṣáńtì ní àṣà tí wọ́n ń pè ní dwantoa: ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, ẹni tó níyì ló ń bá a lọ. Yorùbá náà máa ń kó àgbà lẹ́yìn. Ẹni tó bá bá ni bẹ̀bẹ̀ ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Ẹlẹ́wọ̀n tí ẹbí rẹ̀ wà ní Ìgbòho, tí wọn kò kọ lẹ́tà sí láti ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ti sọ fún ara wọn pé kò sí ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́, yóò gba máàkì tí kò dára lórí ìbéèrè yẹn, kódà tó bá ti di ẹni ire pátápátá.

Ọkùnrin tó yọ àdá ní Kejetia kò ní dúró de òfin tuntun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọdún kẹwàá rẹ̀ bá pé, wọ́dà yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò sì ti ìka bọ ìwé. Ẹni ọdún 32 ni. Ilẹ̀kùn yóò ṣí sí àárín ìgboro, ọjà kò sì jìnnà.